Ìdánwò Nọ́ọ̀sì Ọmọdé àti Èdè Ìyá Ọmọ

Ẹ̀yin Ọba àti Ìjòyè wa, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, a kò lè dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí, nítorí ẹ̀mí àwọn ọmọ wa ni ó rọ̀ mọ́ ọn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa láti Òmùò-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀ ń fi òru ṣe ọ̀sán nítorí ìdánwò ìtọ́jú ọmọdé tí ń bẹ níwájú wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. A yìn wọ́n. Wọ́n ti kọ́ ọ sórí pé bí ọmọ ọdún 2 tí ń wúkọ́ bá ń mí tó ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan, kí a fura sí òtútù àyà. Ẹ̀kọ́ rere ni.

Ṣùgbọ́n ní èdè wo? Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni ìbéèrè, Gẹ̀ẹ́sì ni ìdáhùn. Ìyá tí ó pọn ọmọ wá láti oko kì yóò sọ Gẹ̀ẹ́sì. Yóò ní gìrì mú ọmọ òun. Yóò ní àwùjẹ̀ rẹ̀, ibi rírọ̀ tí ó wà ní àtàrí ọmọ ọwọ́, ti jìn wọnú. Àmì pé omi ti gbẹ lára ọmọ ni èyí. Bí nọ́ọ̀sì kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà, kí ni yóò kọ sílẹ̀? Bákan náà, àwọn kan a máa fi àgbo ìtọ̀ màlúù wo gìrì, bẹ́ẹ̀ ni àgbo yìí lè pa ọmọ. Ìyá kì yóò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tí ń jágbe mọ́ ọn. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń fi ọ̀wọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ ní èdè wa ni yóò sọ òtítọ́ fún.

Àwọn kan yóò wí pé Yorùbá kò tó èdè tí a fi ń ṣe iṣẹ́ ìwòsàn. Kí wọ́n rántí Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ti dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sílẹ̀ ní 1957. Àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ wa ni ń wọn ọmọ tí wọ́n sì ń bá ìyá sọ̀rọ̀. Ikú ọmọdé dínkù púpọ̀ níbẹ̀, ayé sì kọ́ lílo ìwé ìwọ̀n ọmọ láti ibẹ̀.

Ẹ tún wo ìlú Ọba. Nọ́ọ̀sì tí ó ti ilẹ̀ wa lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó gbà á láyè láti tọ́jú ọmọ wọn. Wọn kò tijú èdè wọn. Ta ni ń dán Yorùbá rẹ̀ wò kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ tiwa? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ń béèrè. Èkíní, kí Ìgbìmọ̀ àwọn Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí fi ìdánwò àfẹnusọ kún ti ìwé, ní èdè àwọn ìyá tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò tọ́jú ọmọ wọn: Haúsá ní Kánò, Ìgbò ní Ẹnúgu, Yorùbá ní Èkìtì. Èkejì, kí ẹ̀yin Ọba àti Ìjòyè pe àwọn ìyá àgbà jọ, kí a kọ orúkọ àrùn ọmọdé sílẹ̀ bí ìlú kọ̀ọ̀kan ti ń pè é, kí a sì fi ìwé náà lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó kọjá lọ.