Ẹ Má Ya Ìwé Náà, Ẹ Kọ Tiyín



Lọ́jọ́ kan ní ilé-kéwú wa, lẹ́yìn ìrun Asri, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan rí ìwé òyìnbó kan nínú àpò ọmọkùnrin kan. Ìtàn ìpànìyàn àti ẹjọ́ ni. Kò bèèrè ohunkóhun. Ó ya ìwé náà sí méjì, ó ní irọ́ ni, hàráàmù ni, ó ní ọmọ tó bá ń ka irú rẹ̀ yóò di ọ̀daràn. Bẹ́ẹ̀ lọ́yà ni ọmọ náà fẹ́ dà. N kò bá a jà lójú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwa àáfà ló ń ronú bíi tirẹ̀, àwọn ni mo sì fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹni tó kọ ìwé náà, John Grisham, kì í ṣe ọmọ ìta. Wọ́n bí i ní Amẹ́ríkà ní 1955. Ó gba oyè ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Mississippi ní 1981, ó ṣe lọ́yà ní ìlú Southaven, ó sì jẹ́ aṣòfin ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní kóòtù, ó gbọ́ bí ọmọdébìnrin kan ti ń jẹ́rìí nípa ẹni tó fipá bá a lò. Ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí bàbá ọmọ yìí bá pa ọ̀daràn náà ńkọ́? Inú ìbéèrè yẹn ni ìwé A Time to Kill ti jáde. Agogo márùn-ún ìdájí ló ń jí kọ ọ́, àsìkò tí Mùsùlùmí òdodo ń múra ìrun Subhi. Ọdún mẹ́ta ló gbà á. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwé-títẹ̀ ló dá a padà fún un. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1989, ẹ̀dà 5,000 péré ni. Òun fúnra rẹ̀ ra 1,000 nínú rẹ̀, ó kó wọn sí bútù mọ́tò, ó ń gbé wọn kiri tà. Lọ́yà ni o, aṣòfin ni! Ìwé kejì, The Firm, tó jáde ní 1991, ló tó sọ ọ́ di olókìkí.

Ẹ ní irọ́ ni ìtàn àròsọ. Mo bi yín: kí ni ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ àgbà ní ilé-kéwú? Ṣé kì í ṣe Maqāmāt ti Al-Hariri ará Basra, ẹni tó kú ní 1122? Ta ni Abu Zayd inú ìwé yẹn bí kò ṣe gbájú-ẹ̀ tí Al-Hariri fi orí ara rẹ̀ rò? Nínú ìtàn àkọ́kọ́, ní Sanaa, ó ṣe wáàsí títí àwọn èèyàn fi sunkún tí wọ́n sì fún un lówó. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà dọ́gbọ́n tẹ̀ lé e, ó sì bá a nínú ihò àpáta pẹ̀lú ẹran sísun àti ọtí. Bí èyí kì í bá ṣe ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kí ni? Irọ́ ni ohun tí a sọ kí olùgbọ́ lè gbà á bí òótọ́. Ẹni tó bá ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀ pé àròsọ ni, kò purọ́ fún ọ.

Ẹ tún wo Súrà Yúsúfù. Àwọn ọmọ Ànọ́bì Yàkúbù mú ẹ̀wù àbúrò wọn wá, wọ́n ta ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sí i. Bàbá wọn kò gbà wọ́n gbọ́. Àwọn onítúmọ̀ Kùránì ní ẹ̀wù náà kò fàya rárá. Irú ìkookò wo ló jẹ èèyàn láìfa ẹ̀wù rẹ̀ ya? Nígbà tí obìnrin ọlọ́lá nì sì fẹ̀sùn kan Yúsúfù, ará ilé obìnrin náà ló ní kí wọ́n wo ẹ̀wù: bó bá ya níwájú, obìnrin ló ń sọ òótọ́, bó bá ya lẹ́yìn, Yúsúfù ni. Ẹ̀yìn ló ti ya. Ẹ̀rí nìyẹn, ariwo kọ́. Ọlọ́hun sì pàṣẹ ní Súrà Hujurat, àyà kẹfà, pé kí a wádìí ìròyìn ẹlẹ́ṣẹ̀ dáadáa, kí a má baà fi àìmọ̀ pa ẹni ẹlẹ́ni lára, kí a wá kábàámọ̀.

Ta ló ń fi èyí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa? Ní ọjọ́ 5 oṣù October 2012, ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt, wọ́n fi ẹ̀sùn olè kan akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì dáná sun wọ́n, àwọn kan dúró wọ́n ń yà á sí fóònù. Ní 2017 adájọ́ dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tó lọ́wọ́ sí i, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Ọmọ tó ti kọ́ láti máa bèèrè pé "ẹ̀rí dà?" kò ní gbé táyà.

Ṣé gbogbo ohun tó wà nínú ìwé Grisham ni mo fara mọ́? Rárá o. Nínú A Time to Kill, bàbá pa àwọn ọkùnrin méjì tó ba ọmọ rẹ̀ jẹ́, ilé-ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Àánú bàbá náà ṣe mí, ṣùgbọ́n nínú àdínì wa, adájọ́ ló ni ìdájọ́, kì í ṣe ẹni tí inú ń bí. Ọ̀nà tó lọ sí Aluu náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé yíya ìwé ló fèsì yẹn? Ìwé la fi ń fèsì ìwé.

Èdè wa kò sì kúrú. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Kọ́lá Akínlàdé kọ Owó Ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yin lọ́yà Mùsùlùmí tí ẹ ń jókòó sí kóòtù lójoojúmọ́, ìtàn èké àti ẹ̀rí tí ẹ ń gbọ́ níbẹ̀, ta lẹ fi í sílẹ̀ fún?

Àwọn kan á ní kíkiri ìwé tà jẹ́ ṣekárímí. Iṣẹ́ òwò ni Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe kó tó di òjíṣẹ́. Níbi wòlímọ̀ àti ìsọ yìgì, a ń pín táwẹ́ẹ̀lì àti abọ́ tí a kọ orúkọ sí. Ní àsàláátù ọjọ́ Sunday, a ń ta kálẹ́ńdà. Mélòó nínú wa ló tẹ́ tábìlì ìwé ìtàn síbẹ̀ rí? Bí òǹkọ̀wé wa bá gbé ìwé dé, kí a má wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a ra á.

Mo ti ra ẹ̀dà mìíràn fún ọmọ náà. Mo ní kó kà á tán, kó wá sọ fún mi ibi tí bàbá inú ìwé náà ti ṣìnà, kó sì kọ bí òun ì bá ti parí ìtàn náà. Mo ń retí rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi òye tó ṣe é lò kún orí àwọn ọmọ wa. Àmín.