Ewé Tí Wọ́n Yà Sára Ọ̀rá

 

Láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti ní àwọn ò fẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, oríṣiríṣi ọlọ́rá ló ń wọ ọjà wa. Èyí tó wá sí ìsọ̀ mi lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ya ewé tútù sára tiẹ̀. Ó ní ọ̀rá tó ń jẹrà ni, ó wá fi owó lé e. Mo ní, ọmọ mi, ọjọ́ mélòó ló fi ń jẹrà? Nínú ilẹ̀ ni àbí nínú gọ́tà? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ó ń wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ó ní, "Màmá, wọ́n ti kọ ọ́ sí i lára."

Kíkọ kọ́ ni jíjẹrà! Ṣé wọn kì í kọ "oyin" sára ìgò omi ṣúgà ni?

Ọmọ mi bá mi wádìí ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùkọ́ Yunifásítì Plymouth ri ọ̀rá ìkọ́jà mọ́lẹ̀, wọ́n sì rì í sínú òkun fún ọdún 3. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2019, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó ń jẹrà ṣì ń gbé ẹrù ọjà! Ọ̀kan nínú wọn pòórá nínú òkun láàárín oṣù 3 lóòótọ́, àmọ́ ó ṣì wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn oṣù 27. Ẹ rí ìdí tí mo fi ń béèrè ibi tó ti ń jẹrà. Òmíràn tún wà tí wọ́n po kẹ́míkà mọ́, oòrùn á pa á, á já wẹ́wẹ́, ẹ ó rò pé ó ti lọ. Kò lọ, inú iyẹ̀pẹ̀ ló wà. Àwọn orílẹ̀-èdè European Union ti lé ìyẹn kúrò lọ́jà wọn láti oṣù keje ọdún 2021.

N ò ní gbogbo ọlọ́rá ló ń purọ́ o. Èmi ṣá ní kí ẹgbẹ́ wa má san kọ́bọ̀ kún owó ọ̀rá nítorí ewé. Kí ọlọ́rá mú ìwé ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò wá. Tí kò bá ní, iye ọ̀rá lásán ni kó gbà. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ ò gbà kí wọ́n fi irọ́ tajà fún wa. Àmọ́ tí àwa náà bá sọ fún oníbàárà pé ọ̀rá yìí ń jẹrà, irọ́ náà ti di tiwa nìyẹn.

Mo ti ri ọ̀kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìsọ̀ mi, èmi àti ewé ẹ̀kọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìyá aláta ni ẹlẹ́rìí mi. Ẹ yà wò ó tí ẹ bá ń kọjá. Ewé ẹ̀kọ ti ń dúdú.