Àpáta Àgbà Lórí Àpáta Ọmọdé

Ní sáà tí ó kọjá, ara olùkọ́ Jọ́gíráfì wa kò yá. Wọ́n sì ní kí èmi olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù bá a di kíláàsì rẹ̀ mú, ní Òpópónà Bauchi, ní ìlú Jos níhìn-ín. Mo kọ ọ́ sójú pátákó pé àpáta tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó dàgbà ju èyí tí ó wà lórí rẹ̀ lọ. Nígbà ìdánwò, ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé kì í ṣe ìgbà gbogbo. Mo fi yíǹkì pupa fagi lé e. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó kọ́ ìmọ̀ àpáta ni ó rí ìwé náà lórí tábìlì mi. Ó ní ọmọ ni ó jàre.

Àwọn àpáta roboto tí ó yí wa ká ní Jos kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ńṣe ni wọ́n yọ́ wá láti inú ilẹ̀, tí wọ́n sì dì, ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 160 sí 170 sẹ́yìn. Àwọn òkè Atakora ni kí á wò, èyí tí ó gba Gánà àti Tógò kọjá lọ sí àríwá Bẹ̀nẹ̀. Atakpamé, ìlú àwọn ọmọ Ifẹ̀ tí ó wà ní Tógò, kò jìnnà sí wọn rárá.

Òkun wà níbẹ̀ nígbà kan. Ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 600 sẹ́yìn, ilẹ̀ ìhà ìlà-oòrùn sún mọ́ ti ìwọ̀-oòrùn títí òkun náà fi pa dé, tí ilẹ̀ méjèèjì sì kọlura. (Ìpìlẹ̀ àtijọ́ tí Ìbàdàn, Ìlọrin àti Jos pàápàá jókòó lé wà lára ilẹ̀ ìlà-oòrùn yẹn, àwa ni a ti wọ́n.) Ẹ fi ẹsẹ̀ ti etí ẹní lórí sìmẹ́ǹtì, ẹ ó rí i pé yóò ká jọ, yóò sì gun ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn pẹlẹbẹ àpáta ńláńlá ṣe já kúrò nídìí, tí wọ́n gun ara wọn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ooru àti ìwúwo sì ṣe wọ́n bí iná ti ń ṣe ìkòkò amọ̀: kò yọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe amọ̀ mọ́. Yanrìn di òkúta líle tí wọ́n ń pè ní quartzite. Ẹrẹ̀ di schist, tí ó ń ṣí ní ìpele-ìpele bí ojú ewé ìwé, tí ó sì ń dán nínú oòrùn.

Bí ẹ bá dúró ní Tanguiéta, ní Bẹ̀nẹ̀, tí ẹ wo ògiri òkè náà, quartzite tí ó wà lókè dàgbà ju ẹrẹ̀ dídì tí ó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ. Ti agbègbè Kara, ní Tógò, tún yà mí lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpáta òkè Kabyé ti wọ inú ilẹ̀ ju kìlómítà 30 lọ rí, síbẹ̀ òun ni ó wá wà lókè nínú òkìtì náà.

Òfin tí mo kọ́ àwọn ọmọ kì í ṣe irọ́, bí ìpele ilẹ̀ bá wà bí ó ti balẹ̀ sí, tí ohunkóhun kò tì í. Níbi tí ìtì bá ti wọ̀ ọ́, ipò kò sọ ọjọ́ orí mọ́. Hóró kékeré tí ń jẹ́ zircon ni àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ iye uranium inú rẹ̀ tí ó ti di òjé.

Mo dá máàkì ọmọ náà padà lójú gbogbo kíláàsì, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì tún nawọ́ sókè:

“Alfa, kí wá ni ó ti ilẹ̀ ìlà-oòrùn?”

Mo ní kí ó fún mi di ọjọ́ Mọ́ńdè.