Ta ló ń pín ọmọ wa níyà nílé ìwé?



Ní Àjàṣẹ́, bí àkókò ìṣeré bá tó nílé ìwé, ọmọ Nàgó á wá ọmọ Nàgó lọ, ọmọ Gùn á wá ọmọ Gùn. Ẹ má bá wọn wí. Èdè ìyá ló ń fa ọmọdé.

Nígbà tiwa, ẹni tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ ní kíláàsì, wọ́n á so «signal» mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣé ìyẹn sọ wá di ọ̀kan? Rárá o!

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwa àgbà ló ń ya ọmọ nípá: «Má bá ọmọ àwọn yẹn rìn.» A ò bí ìkórìíra mọ́ ọmọ kankan.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa gbọ́ Yorùbá dáadáa, kó sì gbọ́ Gùn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pa wọ́n pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan. Àwọn náà ni wọn yóò jọ tún ìlú ṣe lọ́la.