Ta Ló Ní A Kì Í Ti Kóòtù Bọ̀ Ká Ṣọ̀rẹ́?

Ẹ̀yin ará Apple Junction, ẹ̀yin ọlọ́jà Amuwo àti Festac, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ lẹ́nu yín tó yẹ kí ẹ tu dànù. Bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá wọlé, kóòtù lè yan alábòójútó tí yóò kó ohun tó ṣẹ́kù jọ, tí yóò pín in fáwọn tó ń retí owó wọn. Bí ẹni yẹn bá wá pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, tó sì bá ẹni tí wọ́n jọ ń ṣẹjọ́ ṣàdéhùn, kíá lẹ ó ní: "Ó ti gba ẹ̀gúnjẹ."

Irọ́ ni. Owó ta ló fi ń ṣẹjọ́? Owó yín ni! Owó agbẹjọ́rò, owó ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹrù, inú ohun tí ẹ fẹ́ pín ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde, wọ́n á sì gbà á kó tó kàn yín. Ẹ wo àwọn ọgbà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àṣẹ kóòtù sí lára. Ọkọ̀ akẹ́rù inú wọn ti jókòó lórí ríìmù, wọ́n ti yọ bátìrì, koríko ti gba abẹ́ ẹ́ńjìnnì yọ. Bí ẹjọ́ bá tún falẹ̀, irin àlòkù lẹ ó pín.

Savannah Bank ńkọ́? Oṣù kejì ọdún 2002 ni CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, gba ìwé-àṣẹ rẹ̀. Ó di 2009 kí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dá a láre. Ó jàre lóòótọ́, àmọ́ ọjà ti tú.

Òwe tí ẹ gbójú lé, pé "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," bá mọ̀lẹ́bí tó ń jà sórí ilẹ̀ mu. Alábòójútó ò wá ọ̀rẹ́ lọ. Owó ló ń wá. Ní Amẹ́ríkà, Irving Picard ni alábòójútó lórí owó táwọn èèyàn pàdánù sọ́wọ́ oníjìbìtì Bernard Madoff. Lọ́dún 2010, opó Jeffry Picower, ọ̀kan lára àwọn oníbàárà Madoff, fọwọ́ sí àdéhùn láti dá bílíọ̀nù 7.2 dọ́là padà. Ṣé ẹ̀gúnjẹ nìyẹn?

Kì í sì í ṣe ní kọ̀rọ̀ ni alábòójútó ti ń ṣàdéhùn. Bó bá jẹ́ kóòtù ló pàṣẹ kí wọ́n tú ilé-iṣẹ́ ká, òfin ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA, ti 2020, ní kí alábòójútó gba àṣẹ kóòtù tàbí ti ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kó tó bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn lórí gbèsè. Bí adájọ́ bá sì ti sọ àdéhùn di ìdájọ́, abala 241 òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe kòtẹ́milọ́rùn lórí rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Bí ara bá ń fu yín, ẹ béèrè ìwé àdéhùn. Èló ló wọlé? Ta ló san owó agbẹjọ́rò? Ọjọ́ wo la ó pín in? Alábòójútó tí kò bá rí èsì fọ̀, òun gan-an ni kí ẹ pè lólè.