Ẹ̀yìn Ríro: Abẹ́rẹ́ Ní Ìwọ̀n, Abẹ Ní Àkókò

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èyí tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí bá ìtọ́jú ẹ̀yìn ríro mu púpọ̀. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ènìyàn ní ilẹ̀ wa, jẹ̀díjẹ̀dí tàbí làkúrègbé ni a kọ́kọ́ máa ń pè é. Bí ìrora náà bá wá ti ìbàdí gba itan sọ̀ kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, àwọn kan á ní àfi abẹ́rẹ́ nìkan. Àwọn mìíràn, bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ abẹ, wọn á sá padà sílé.

Ohun tí ó sábà máa ń fa irú ìrora bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Tìmùtìmù rírọ̀ wà láàárín àwọn egungun ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yọ síta, á tẹ iṣan tí ó lọ sí ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ méjì ní ìlú Boston, William Mixter àti Joseph Barr, ni wọ́n fi èyí hàn gbangba nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1934.

Abẹ́rẹ́ tí à ń gún sí ẹ̀bá iṣan náà kì í dá tìmùtìmù padà sí àyè rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dín ìrora àti wíwú kù fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, kí aláìsàn lè sùn, kí ó lè rìn, títí ara yóò fi wo ara rẹ̀ sàn. Iṣẹ́ dókítà tí ó mọ̀ ọ́n dájú ni, kì í ṣe ti ẹni tí ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Abẹ́rẹ́ ìdí tí aláìmọ̀ bá ṣì gún lè ba iṣan ńlá ẹsẹ̀ jẹ́. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ní ọdún 2012, oògùn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí ìdọ̀tí wọ̀ pa ènìyàn tí ó ju 60 lọ.

Abẹ ńkọ́? Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Netherlands fi àlàyé sílẹ̀ ní ọdún 2007 lórí aláìsàn 283. Ara tètè tu àwọn tí a yára ṣiṣẹ́ abẹ fún; ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún kan pé, 95 nínú 100 ní ìhà méjèèjì ni ó ní ara àwọn ti yá. Síbẹ̀, nínú àwọn tí a ní kí ó dúró, 39 nínú 100 ni ó padà lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Nítorí náà, sùúrù kì í ṣe òmùgọ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ìdájọ́ ikú.

Ṣùgbọ́n àkókò kan wà tí sùúrù di ewu. Bí ìtọ̀ bá sé, tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń dà láìmọ̀, bí ara láàárín itan méjèèjì bá kú, tàbí tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́, ilé ìwòsàn ńlá ni kí a gbé aláìsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tí ó bá fi agbo tàbí ìfọwọ́ra dá a dúró lè sọ ọ́ di arọ.

Òfin ọdún 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Kí àwọn aláṣẹ rí i pé ó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ àti alábàárù, àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn wọn jẹun. Kí àwa náà sì máa bi dókítà léèrè: kí ni abẹ́rẹ́ yìí yóò ṣe, kí ni kò ní lè ṣe, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí a bá dúró? Ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.