Igbó Funfun Kì í Ṣe Aṣálẹ̀

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ igbó gbígbẹ àríwá ìlà-oòrùn Bùràsíìlì lórúkọ wo ilé dáadáa. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí ń sọ èdè Tupi pè é ní Caatinga, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe igbó funfun, nítorí pé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ àwọn igi a wọ́wé tán pátápátá, èèpo ara wọn a sì máa funfun nínú oòrùn bí egungun. Igbó ni wọ́n pè é. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, láti orí aṣòfin dé orí oníṣòwò, títí kan àwọn òǹkọ̀wé tó yẹ kí wọ́n mọ iyì ọ̀rọ̀, ni wọ́n fi orúkọ mìíràn rọ́pò rẹ̀: aṣálẹ̀, ilẹ̀ òkú, ilẹ̀ tí Ọlọ́run gbàgbé. Orúkọ burúkú yìí ló ń la ọ̀nà fún ìbọn àti àáké.

Kí ló wà nínú ilẹ̀ òkú náà? Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 850,000 kìlómítà níbùú lóròó. Nàìjíríà fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ. Inú Bùràsíìlì nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà, àwọn ènìyàn tó sì ń gbé inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 25. Ní ọ̀pọ̀ ibi, oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni òjò fi ń rọ̀ láàárín ọdún. Bí ó bá ti rọ̀, ọjọ́ mélòó kan ni igbó tó dà bí eérú yóò fi rúwé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà níbẹ̀ tí í gbẹ́ iyanrìn wọlẹ̀, tí í máa tẹ̀lé ọ̀rinrin lọ sísàlẹ̀ títí òjò yóò fi padà. Òmíràn a wọ inú ihò igi lọ, a sì fi orí ara rẹ̀ tó le bí èèpo ìgbín dí ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún 2015 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé ẹ̀gún orí rẹ̀ ní oró. Ọ̀kan nínú wọn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ìwádìí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀dá tó gbọ́n báyìí kì í gbé ilẹ̀ òkú.

Ẹ̀bi náà kan àwọn òǹkọ̀wé. Láti ìgbà tí Euclides da Cunha ti gbé Os Sertões jáde ní 1902, tí Rachel de Queiroz kọ O Quinze ní 1930, tí Graciliano Ramos sì kọ Vidas Secas ní 1938, ọ̀gbẹlẹ̀ àti ebi ni ayé ń kà nípa agbègbè yìí. Nínú Vidas Secas, ìdílé tí ebi ń lé kiri pa ayékòótọ́ wọn jẹ lójú ọ̀nà. Ìwé ńlá ni, òótọ́ sì ni ìyà tó ròyìn. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé tó wà ní Rio àti São Paulo mú ìyà ènìyàn, wọ́n fi ṣe àbùdá ilẹ̀. Wọ́n ka ìwé tán, wọ́n gbà pé kò sí ohun tó kù níbẹ̀ láti tọ́jú.

Àwọn aṣòfin náà ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà ní 1988, wọ́n to orúkọ àwọn ibi tí í ṣe ogún gbogbo ọmọ Bùràsíìlì sínú abala 225: igbó Amazon wà níbẹ̀, igbó etí òkun Atlantic wà níbẹ̀, òkè Serra do Mar, àbàtà Pantanal àti etíkun pẹ̀lú. Caatinga kò sí níbẹ̀. Igbó kan ṣoṣo tó jẹ́ ti Bùràsíìlì nìkan ni wọn kò rí kà mọ́ ogún Bùràsíìlì! (Cerrado náà kò sí níbẹ̀, ìyẹn sì tó ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀.) Títí di òní, nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 ilẹ̀ náà ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ààbò wà lórí rẹ̀, apá tó pọ̀ jù nínú èyí sì jẹ́ ibi tí iṣẹ́ àti ilé kíkọ́ ṣì ń lọ. Nǹkan bí ìdajì igbó náà ti kúrò bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Bí ayé bá wá rántí ẹran Caatinga, eré ló ń fi í ṣe. Ẹranko kékeré kan tó jọ akíka, tí wọ́n ń pè ní tatu-bola, a máa ká ara rẹ̀ jọ roboto bí bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Ajá kò rí i já jẹ. Ọdẹ kàn ń tẹ̀ gbé e ni, bí ẹni ṣa àgbálùmọ̀. Nígbà tí Bùràsíìlì gba àlejò Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 2014, òun ni wọ́n fi ṣe àmì ìdíje, wọ́n sọ ọ́ ní Fuleco, wọ́n sì tà á fún àwọn ọmọdé gẹ́gẹ́ bí ọmọláńgidi. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì béèrè ohun kan: kí wọ́n ya 1,000 hẹ́kítà igbó sọ́tọ̀ fún góòlù kọ̀ọ̀kan. Góòlù 171 wọlé. Àdéhùn náà kò wáyé. Lóòótọ́, ìpínlẹ̀ Pernambuco ya ibi ìsádi kan tó lé ní 100,000 hẹ́kítà sọ́tọ̀ lórúkọ ẹran náà ní 2015, oríyìn sì tọ́ sí wọn. Àwọn tó kó owó ọmọláńgidi lọ ni kò tọ́ sí.

Ti ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní ararinha-azul, ayékòótọ́ aláwọ̀ aró, tún burú ju èyí lọ. Ará Jámánì kan, Johann Baptist von Spix, yìnbọn pa ọ̀kan lẹ́bàá odò São Francisco ní 1819, òkú ẹyẹ náà ni sáyẹ́ǹsì sì fi mọ̀ ọ́n. Orí igi caraibeira, létí àwọn odò tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ni ẹyẹ yìí ń gbé. Wọ́n gé igi náà, ewúrẹ́ jẹ ọ̀mùnú rẹ̀, àwọn olówó tó fẹ́ràn àgò sì ra èyí tó kù. Ní 1990, akọ kan péré ló kù nínú igbó. Nítorí àìrí ẹlẹgbẹ́, ó bá abo ẹ̀yà ẹyẹ mìíràn ṣe tọkọtaya. Ní ọdún 2000, wọn kò rí i mọ́. Nígbà tí fíìmù Rio sọ ẹyẹ yìí di olókìkí ní 2011, igbó tútù etí òkun Rio de Janeiro ni wọ́n gbé ilé rẹ̀ sí. Àwọn tó ṣe fíìmù náà mọ̀ pé ẹyẹ aláwọ̀ aró dára lójú. Igbó aláwọ̀ eérú tó bí i ni wọn kò lè fi han ọmọdé.

Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ fi èyí rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá dárúkọ Bahia lójú rẹ̀, Salvador ló ń rí: àkàrà lọ́wọ́ obìnrin aláṣọ funfun, ilé òrìṣà, orúkọ Kétu àti Òṣọ́ọ̀sì ọdẹ. Ó lé ní ìdajì ìpínlẹ̀ Bahia tó jẹ́ Caatinga. Gbogbo ẹni tó ń pa á lówe pé kò sí ewé, kò sí òrìṣà, yẹ kó béèrè ibi tí jurema ti ń wá, igi ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ àti àwọn ilé caboclo ń bọ. Inú igbó funfun ni.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹnu dùn-ún ròfọ́, pé àwọn òtòṣì ibẹ̀ ní láti jẹun. Ta ni òtòṣì náà? Ní Bahia, àwọn agbo darandaran wà tí ilẹ̀ ìjẹko wọn jẹ́ ti gbogbo wọn, tí wọ́n ń pè ní fundo de pasto. Òfin ìpínlẹ̀ náà mọ̀ wọ́n. Ewúrẹ́ wọn ń jẹ igbó, ṣùgbọ́n wọn kì í hú igbó. Ní Araripe, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta gypsum Bùràsíìlì ti ń jáde, igi Caatinga ni wọ́n ń kó sínú ààrò kí ògiri ilé olówo lè funfun ní ìlú ńlá. Ẹ̀bi ààrò ni wọ́n ń dì lé ewúrẹ́ lórí.

Èyí tó le jù láti dá lóhùn ni àwọn tó gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dé. Iná mànàmáná tí kò ní èéfín dára, ayé sì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí òkè tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jù náà ni ẹkùn ilẹ̀ náà sá sí, èyí tí kò tó 250 mọ́ nínú gbogbo Caatinga. Nígbà tí wọ́n dá ọgbà orílẹ̀-èdè Boqueirão da Onça sílẹ̀ ní 2018, ààlà rẹ̀ ti dín kù sí ti àbá àkọ́kọ́, kí àyè lè gba ẹ̀rọ. Ní Canudos, ẹ̀rọ dìde ní agbègbè tí ayékòótọ́ aláró kejì, arara-azul-de-lear, ti ń fò láti ihò àpáta lọ sídìí ọ̀pẹ licuri tó ń jẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ro tẹ́lẹ̀, tí kò sí igi lórí rẹ̀ mọ́, pọ̀ lọ jàra ní agbègbè kan náà. Wọn ìbá gbé e síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni í tọrọ àyè ní ilẹ̀ tí wọ́n ti pè ní òkú?

Ní oṣù kẹfà 2022, wọ́n tú ararinha-azul mẹ́jọ sílẹ̀ ní Curaçá, ní Bahia, àwọn ará ìlú sì jáde wá wò wọ́n. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ Bùràsíìlì kéde pé nǹkan bí 5,700 kìlómítà níbùú lóròó ní àríwá Bahia ti gbẹ kọjá ti tẹ́lẹ̀, pé òjò rẹ̀ ti di ti aṣálẹ̀ ní tòótọ́, irú èyí tí kò sí rí ní Bùràsíìlì. Ní 2025, kòkòrò àrùn wọ àárín àwọn ẹyẹ náà, wọ́n sì ní láti tún mú àwọn tó wà nínú igbó padà sínú àgò. Àwọn igi caraibeira létí odò gbígbẹ ṣì wà níbẹ̀, ihò wọn ṣófo.